Eléyín Kò Sí Nínú Fọ́tò

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Mo kó wọ yàrá tuntun ní Arakale, ní Àkúrẹ́ níbí, lónìí. Ẹrù mi kò ju kẹ̀kẹ́ kan lọ: bẹ́ẹ̀dì, àpótí ìwé, sítóòfù, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí gbogbo kíláàsì wa fi bírò kọ nǹkan sí lára lọ́jọ́ tí a parí ìdánwò àṣekágbá. "Ìbùkún, ó di Abuja o." "Ìbùkún, má gbàgbé wa tí o bá lówó." Mo gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Gbogbo àwọn tó kọ ọ́ ti lọ sin ìlú. Èmi nìkan ló ṣẹ́kù. Kọ́ọ̀sì kan péré ló já mi sílẹ̀, 507, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sì ń kọ́ ọ lọ́dún. Odindi ọdún kan ni kọ́ọ̀sì kan fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Mo kúrò nítòsí géètì yunifásítì nítorí ó ti sú mi kí àwọn ọmọ tí mo ṣáájú ní kíláàsì máa bi mí pé, "Àǹtí, ẹ ṣì wà?" Ní Arakale níbí, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Bàbá Rufus, onílé, bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe. Mo ní iṣẹ́ ojú ọjọ́, torí òun ni mo ń kà ní yunifásítì. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta. Mo gbé agolo mílíìkì sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n nígbà tó dá: mílímítà mọ́kànlélógún.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Iná dé ní aago méjì ọ̀sán, mo wo fíìmù wa. Ìgbà kejìlá nìyí, bí kò bá jẹ́ ìkẹtàlá. Láti ọdún kìíní ni èmi àti Monílọ́lá ti ń wò ó pọ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì kan, pẹ̀lú gàrí àti ẹ̀pà nínú ike kan. Àwa la sọ ọmọkùnrin inú rẹ̀ ní Eléyín, torí fáńpáyà ni, òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tí eyín rẹ̀ kì í sì í yọ àfi tí inú bá ń bí i tàbí tí ìfẹ́ bá ń gùn ún. Ní báyìí Monílọ́lá wà ní Taraba, ó ń fi aṣọ àgùnbánirọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ra wa ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Kí n máa dá wo fíìmù yìí kò dùn. Mo rẹ́rìn-ín níbi tí a ti máa ń rẹ́rìn-ín, mo wá yíjú sí ẹ̀gbẹ́, ògiri ni mo rí. Nítorí náà inú ìwé yìí ni n ó ti máa sọ tẹnu mi. Ìwé ò ní sọ pé mo ti sọ ọ́ lánàá.

Ti òní nìyí. Pọ́ńdà ojú Eléyín ti pọ̀ jù, ó dà bí ẹni tó ki orí bọ àpò èlùbọ́. Ní ilé oúnjẹ ilé-ìwé wọn, ó ń gba oúnjẹ bí àwọn yòókù, ó sì ń dà á sínú báàgì níkọ̀kọ̀. Ìyẹn nìkan tó kí ìyá ìyàwó kọ̀ ọ́. Níbi tó ti ya àgbòòjò sórí Klárà, ọmọbìnrin tó fẹ́ràn, òjò ń rọ̀ bí ẹni ń bínú, òjìji àwọn méjèèjì sì nà gbọọrọ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé òjò àti oòrùn lè jọ wà, àwọn àgbà ní ẹkùn ló ń bímọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú òjò tó ń ya ẹ̀ka igi. Òjò ẹ̀rọ ni, omi rọ́bà.

Ẹni tó mọ gbogbo èyí nípa òjò tún wá féèlì 507.

Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti fi ọgọ́rùn-ún náírà lé owó kẹ̀kẹ́ láti ibí dé géètì. Òjò kò rọ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí àfi ẹni tó ta búrẹ́dì fún mi.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ sí kíláàsì 507. Mo pẹ́ díẹ̀ kí n lè rí ẹ̀yìn jókòó sí. Gbémiga, olórí kíláàsì wọn, rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ló bá fò dìde níwájú pátápátá. "Àǹtí Ìbùkún, ẹ wá jókòó síbí, mà." Ojú ọgọ́ta èèyàn yí sí mi. Ọmọ rere ni, ilé ire ló ti wá, ṣùgbọ́n ká ní ó bú mi, ì bá sàn fún mi.

Mo padà wálé, mo wo ìlàjì fíìmù náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí Eléyín ti wà ní kíláàsì àṣekágbá ní girama. Kò lè dàgbà, nítorí náà tó bá ku díẹ̀ kó ṣe é tán ní ìlú kan, ó ń lọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú mìíràn, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, ohun tó dùn jù nínú ìtàn náà létí mi nìyẹn. Mo ní ẹ wo bó ṣe dákẹ́, ẹ wo ọmọ tó jinlẹ̀. Lónìí mo rí i pé kì í ṣe jíjinlẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ pamọ́ lábẹ́ dẹ́sìkì kí tíṣà má bàa pè é, torí ó ti gbọ́ gbogbo ìbéèrè náà rí. Ìyàtọ̀ tèmi ni pé n kò mọ ìdáhùn.

Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Màámi pè láti Oǹdó lẹ́yìn ìsìn. Inú wọn dùn dé etí.

"Ìbùkúnọlá, mo ti fi orúkọ rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ. Ìdúpẹ́ ìkórè, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ni. Ẹ ó jáde síwájú, wọ́n á gbàdúrà fún yín, ẹ ó sì ya fọ́tò pẹ̀lú Fíkà. Wọ́n máa gbé fọ́tò náà kọ́ sí fẹ́sìrì."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màámi."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Màámi rò pé lẹ́tà ìpè àgùnbánirọ̀ ni mo ń dúró dè ní Àkúrẹ́, pé mo ń ran olùkọ́ kan lọ́wọ́ kó tó dé. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ìyá mi ní Tíṣà Fẹ̀yìntọlá. Prámárì Kẹfà ni wọ́n ń kọ́, wọn kì í sì í ṣojú rere fún ọ̀lẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, àwọn fúnra wọn ló ní kí n tún Prámárì Kẹrin kà nínú ilé-ìwé wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé tíṣà ń gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Àtúnkà. Ó tó ọdún méjì kí orúkọ náà tó kúrò lára mi, Màámi ò sì mẹ́nu kàn án rí. Báwo ni n ó ṣe wá gbé Àtúnkà padà wọlé fún wọn ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù.

Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Ooru kò jẹ́ kí n lè dúró nínú yàrá, mo gbé kọ̀ǹpútà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán. Bàbá Rufus jókòó sórí àga wọn, wọ́n na ọrùn wò ó.

"Uṣẹ́ ojú ọjọ́ rẹ rèé?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé pé òkú ni ọmọkùnrin tí wọ́n ń wò yẹn, pé ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń fẹ́ ọmọbìnrin yìí.

"Akúdàáyà ni," wọ́n ní. "Èyí kì í ṣe tuntun. Ọ̀kan wà ní Ìjù nígbà tí mo wà léwe. Ó ń la pákó. Kò sẹ́ni tó mọ ùlú ẹ̀. Ó fẹ́ aya, ó kọ́ ulé. Lọ́jọ́ ọjà kan, ẹnìkan láti ùlú ẹ̀ rí i, ó pariwo orúkọ ẹ̀. Ùgbà tí aya ẹ̀ dé ulé, ọbẹ̀ ń hó lórí iná, kò rí ọkọ mọ́."

"Ibo ló wá lọ, Bàbá?"

"Ùlú mìíràn. Ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n." Wọ́n tún wo kọ̀ǹpútà náà díẹ̀. "Ọmọ ta ni wọ́n ní ó jẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Nínú gbogbo fíìmù yẹn, ẹnikẹ́ni kò béèrè ọmọ ta ni. Apẹja ni bàbá Klárà. Ó gbé Eléyín jókòó, ó fún un lẹ́ja, ó ní kó máa pe òun lórúkọ. Tó bá jẹ́ Oǹdó ni, kí Eléyín tó kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ti mọ ohun tó pa bàbá bàbá rẹ̀, wọ́n á sì ti mọ̀ pé òun náà ti kú.

Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ lọ ata ní Ọjà Ọba. Ata mi ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tí mo gbọ́, "Ìbùkún! Ìbùkúnọlá ọmọ Tíṣà!" Ìyá Oyèníyì ni, ti ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Oǹdó, aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi rán ẹ̀wù akọrin wà ní apá wọn. Stephen ọmọ wọn wà nínú àwa mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún. Lẹ́tà ìpè tirẹ̀ ti dé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi mí ni pé ìpínlẹ̀ wo ni wọ́n pín mi sí.

Mo sá. N kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbéra. Mo gba àárín àwọn télọ̀ kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ tí n kò bèèrè iye tó ń gbà. Ìgbà tí mo dé ilé ni mo rántí ata tí mo fi sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rántí ọbẹ̀ tó ń hó ní Ìjù. Ojú tì mí gan-an, mo sunkún bí ọmọdé. Gàrí ni mo mu, kò sí ata, kò sí ọbẹ̀.

Òjò: mílímítà mẹ́rin.

Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Monílọ́lá pè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ẹ̀rù ń bà mí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan: "Sọ fún Màámi rẹ." Ó rọrùn fún ẹni tó wà ní Taraba.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Mo wo fíìmù náà dé òpin, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìparí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo kórìíra jù.

Fáńpáyà kì í jáde nínú fọ́tò. Ìdí nìyẹn tí Eléyín fi ń sá kúrò nínú ìlú kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ku ọ̀la kí kíláàsì àṣekágbá ya fọ́tò. Ìlú tó ti sá kúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún. Ní ìlú yìí, Klárà mọ àṣírí rẹ̀, ó sì ní kó má lọ. Ọmọkùnrin náà dúró. Gbogbo wọn tò, kámẹ́rà tàn yẹ̀rì. Nígbà tí fọ́tò jáde, àlàfo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Klárà, ọwọ́ rẹ̀ sì ká bí ẹni tó di nǹkan mú. Orin dún, fíìmù parí.

Níbí ni Monílọ́lá ti máa ń sunkún, èmi a sì máa ju ẹ̀pà lù ú. Ìwà òmùgọ̀ ni mo pè é. Ta ló ń di afẹ́fẹ́ mú tí ó tún ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà? Gbogbo ìlú ló máa rí àlàfo yẹn. Wọ́n á máa fìka tọ́ ọ, wọ́n á ní ta ló yẹ kó wà níbí. Ká ní èmi ni mo ṣe fíìmù náà, ọkọ̀ àárọ̀ ni Eléyín ì bá wọ̀ lọ. Ẹni tí kò sí, kó kúrò níbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí n kò ronú kàn tẹ́lẹ̀. Ìyá Eléyín ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò ní ẹni tí yóò sọ fún.

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Agolo ti gbẹ láti ọjọ́ mọ́kànlá. Eruku wà lórí ohun gbogbo. Màámi fi fọ́tò bàtà funfun kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: "Ti ọjọ́ ìdúpẹ́."

Ẹtì, 14 Oṣù Kọkànlá

Oǹdó. Ọkọ̀ tètè kún, ọ̀nà kò burú. Mo ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́kàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn dé òpin, gbólóhùn mẹ́ta péré ni.

Màámi wà nídìí tábìlì, wọ́n ń fi bírò pupa máàkì ìwé àwọn ọmọ. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kúulé, mà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. O ti gbẹ. Àkúrẹ́ kò fún ọ lóúnjẹ ni?"

Wọ́n gún iyán fún mi fúnra wọn. Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́, aládùúgbò wọlé. Ìgbà kejì, wọ́n gbé bàtà náà jáde, wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́ wò, ó sì bá mi lẹ́sẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìgbà kẹta, èmi ni mo pa ẹnu dé.

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kọkànlá

Iná wà lọ́sàn-án. Mo gbé kọ̀ǹpútà sí pálọ̀, mo ń wo fíìmù náà kí ọkàn mi lè balẹ̀. Màámi kó ìwé ọmọ ilé-ìwé wá jókòó tì mí.

"Kí lò ń wò?"

"Fíìmù ìfẹ́ ni, mà."

Wọ́n ń máàkì, wọ́n ń wò. "Kí ló dé tí ojú ọmọ yìí funfun tó báyìí? Ṣé kò jẹun ni?" Lẹ́yìn náà: "Ọmọ ta ni?" Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní ohun tí onílé mi bèèrè gan-an nìyẹn. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnìkan.

Ó dé ibi tí Eléyín ti jẹ́wọ́ fún Klárà pé kíláàsì kan náà ni òun ti ń kà láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Bírò pupa náà dúró.

"Kíláàsì kan náà?" Màámi ní. "Kò sì sí tíṣà kan tó pè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó bi í pé, ọmọ, kí ló ń ṣe ọ́?"

Mo dá fíìmù dúró. Gbólóhùn mẹ́ta tí mo kọ́ sórí ti fò lọ. Mo ní, "Màámi, èmi náà ń tún un kà."

Wọn kò kọ́kọ́ lóye. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: 507, Arakale, olùkọ́ tí n kò ràn lọ́wọ́, lẹ́tà tí kò ní dé lọ́dún yìí. Mo sọ nípa ata pàápàá. Wọ́n dé bírò wọn.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù keje."

"O sì jẹ́ kí n lọ fi orúkọ sílẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Mo wolẹ̀. "Prámárì Kẹrin, mà."

Màámi kó ìwé wọn jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọ yàrá. Nígbà tí wọ́n jáde wá dáná, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni pé akọ̀wé ìjọ ti tẹ ìwé ètò ìsìn jáde, kò ṣeé yọ mọ́. N kò bi wọ́n ohun tí a máa ṣe. Ẹ̀rù wọn ń bà mí, àánú wọn sì ń ṣe mí.

Àìkú, 16 Oṣù Kọkànlá

Màámi múra. Wọn kò gbé bàtà funfun jáde. Ìlà kẹta ni a jókòó, ibi tí wọ́n ti ń jókòó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Fíkà pe orúkọ. Stephen jáde. Ẹni kejì jáde, ẹni kẹta jáde. "Àti Ìbùkúnọlá, ọmọ Tíṣà wa!" Akọrin gbé orin ọpẹ́, gbogbo ojú yí sí ìlà kẹta. Ẹsẹ̀ mi ti ń gbéra fúnra rẹ̀, bí ó ṣe gbéra ní Ọjà Ọba. N kò mọ̀ bóyá iwájú ló ń gbé mi lọ tàbí ẹnu ọ̀nà.

Màámi di ọwọ́ mi mú.

"Jókòó," wọ́n ní. Ohùn tí wọ́n fi ń bá Prámárì Kẹfà sọ̀rọ̀ ni.

A jókòó. Fíkà wò wá, ó sì ń bá ètò lọ. Ìyá Oyèníyì yí ọrùn padà láti àárín akọrin. Màámi ń wo iwájú, wọ́n ń kọrin ju gbogbo èèyàn lọ, ohùn wọn kò sì bá orin náà mu. Wọ́n gbàdúrà fún àwọn mẹ́ta, wọ́n ya fọ́tò àwọn mẹ́ta. Ọwọ́ Màámi gbóná, wọn kò sì fi mí sílẹ̀ títí kámẹ́rà fi tàn tán.

Nínú kẹ̀kẹ́, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, Màámi sọ̀rọ̀.

"Prámárì Kẹrin yẹn. Mo rò pé o ti gbàgbé."

"N kò gbàgbé, mà."

"O gba máàkì tó lọ́dún náà." Wọn kò wo ojú mi. "O yege. Ẹnu èèyàn ni mo bẹ̀rù." Wọ́n wá sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé kó rọra, kòtò wà níwájú.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń pe ara mi ní olódo.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní, "Gbé kọ̀ǹpútà yẹn wá. Ṣé ọmọ náà padà ya fọ́tò?" A wò ó parí. Nígbà tí àlàfo yẹn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Klárà, mo ń dúró kí wọ́n pè é ní ìwà òmùgọ̀, kí n lè sọ pé mo ti wí bẹ́ẹ̀. Màámi bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí aṣọ nù ún.

"Ọmọbìnrin yẹn gbọ́n," wọ́n ní.

N kò bá wọn jiyàn.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá

Àkúrẹ́. Eruku, kò sí òjò. Mo ránṣẹ́ sí Monílọ́lá pé òun ló jàre lórí ìparí fíìmù náà, kó má sì gbéraga. Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Aago mẹ́rin, Màámi pè. Wọ́n ní kí n ka nóòtì 507 sí àwọn létí, báyìí la ó máa ṣe lójoojúmọ́ títí dé ìdánwò. Mo kà á. Wọn kò lóye ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Tí mo bá dánu dúró, wọ́n á ní, "Ẹ̀hẹ́n, mò ń gbọ́. Máa kà á lọ."